Ìdáhùn Lọ́yà

"Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ni o máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

Ìbéèrè kẹrin nìyẹn nínú ìwé tí olùkọ́ agbaninímọ̀ràn pín fún gbogbo kíláàsì, láti fi yan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún kálukú. Tú-u-wò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló sọ ọ́ ní Tú-u-wò, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó dákẹ́ nínú ilé wọn tí ọmọbìnrin yìí kì í tú palẹ̀, kó sì tò ó padà títí yóò fi fọhùn. Ó fẹ́ fa ìlà sí "Màá tú u wò" nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? O fẹ́ máa fi epo para títí ayé ni? Mú 'Màá pe àwọn èèyàn jọ, ká jọ sọ ọ́.' Ibẹ̀ làwọn èèyàn ńlá wà."

"Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀."

"Ta ló máa mọ̀?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbọ́. "Mẹkáníìkì wa, ẹ kú epo o!" Ojú tì í. Ó da ìwé Lọ́yà kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì jáde. Kíláàsì ìmọ̀ òfin ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àyè mẹ́wàá péré ló wà ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ti kún. Ó sáré lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́.

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. "Bí o ṣe ń yanjú ìṣòro ni mo bi ọ́, ọmọ mi, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí iṣẹ́ tó bá ọ lára mu. Ìdáhùn ẹlòmíì lo fún mi. Ìwé ti lọ sí ọ́fíìsì, wọn kì í dá a padà."

Ìyá rẹ̀ ti lẹ èsì náà mọ́ ògiri. Tẹ́lẹ̀, bí Tú-u-wò bá jókòó ti ẹ̀rọ, ìyá a máa kì í: "Ọmọ mi atú-ẹ̀rọ, atò-ó-bí-ìlẹ̀kẹ̀!" Ní báyìí, oríkì ti yí padà. "Agbẹjọ́rò mi, ẹlẹ́nu iyọ̀! Olúwa, o ṣeun, àdúrà mi gbà." Ẹlẹ́nu iyọ̀ yìí, bí wọ́n bá ní kó dìde rojọ́ ní kíláàsì, ńṣe ló máa ń tú bírò ọwọ́ rẹ̀ palẹ̀. Máàkì méjì nínú ogún ló gbà.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kérora, ó dúró gbagidi. Etí Tú-u-wò ti mọ̀: òwú ló lọ́ mọ́ ọn nínú. Ó nawọ́ sí i.

"Gbọ́wọ́ kúrò! Agbẹjọ́rò ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan epo. Mo ti ránṣẹ́ sí alátùn-únṣe."

"Màámi, irọ́ ni ìwé yẹn. Mo dà á kọ ni. Èmi ò lè ṣe lọ́yà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe ń jiyàn! Kí ni lọ́yà tún ń ṣe tó ju ìyẹn lọ?"

Alátùn-únṣe dé, ó fi tọ́ọ̀ṣì tan inú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibi tí kò bàjẹ́. Tú-u-wò dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ gbera. Ó yé e wàyí: ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ, ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì tì í sí. Kò sí ẹni tó fipá mú un.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú."