Ohùn Rẹ̀ Ni, Ìgbà Wo Ló Sọ Ọ́?

Òógùn ti lẹ aṣọ funfun mọ́ Mánsúrù lẹ́yìn nígbà tó já wọ ọ́fíìsì àwọn Láwùmí ní Bódìjà, kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá. Iwájú tábìlì Láwùmí ló dúró sí.

"Ẹ káàsán o. Ẹ̀rọ yín ní èmi kọ́ ni èmi."

Láwùmí gbójú sókè, ẹ̀rín ń pa á. "Ta wá ni yín?"

Ilé iṣẹ́ tó ń kó oògùn lọ sáwọn ọsibítù ni Mánsúrù wà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ wọn ti ń béèrè oògùn lọ́wọ́ ẹ̀rọ àwọn Láwùmí, òǹtẹ̀ àṣírí sì máa ń wà lára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láwùmí ló ń rí i pé wọ́n yẹ òǹtẹ̀ náà wò kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tiwa, tí a bá rán ọmọ níṣẹ́, a óò fún un ní àmì, ọ̀rọ̀ kan tí àwa àti ẹni tí a rán an sí nìkan mọ̀. Bákan náà ni.

"Òǹtẹ̀ yín péye," Láwùmí sọ. "Aago ẹ̀rọ yín ló fi wákàtí kan wà lẹ́yìn, ó ń mú kí ìbéèrè yín dà bí èyí tó ti pẹ́. Ìbéèrè tó bá ti pẹ́, a kì í gbà á."

"Bó bá ṣáà jẹ́ tèmi lóòótọ́ ńkọ́?"

"Olè lè jí tiyín lọ́nà, kó tún mú un wá lọ́la."

Mánsúrù tún aago ṣe, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé.

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti ń jẹun ọ̀sán ni."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ wọn. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bándélé, bàbá Láwùmí. Ó pẹ́ kó tó gbà fún ọmọ Mùsùlùmí. Sátidé kan nígbà ọyẹ́ ni ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ bọ́ sí. Àlájà Zùwáírátù, ìyá Mánsúrù, wé gèlè tán nílé rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó ń tẹ fóònù wá àpèjúwe ilé àwọn Láwùmí, ni ohùn tí Láwùmí gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ bá jáde: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́ ní Sátidé."

Àlájà tú gèlè. "Mo ti mọ̀. Díákónì ò ní fọmọ fún wa. N ò lọ mọ́, ìwọ náà ò sì ní lọ."

Mánsúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ ni, kò ṣeé jiyàn. Ó gba fóònù, ó gbé e sétí.

"Màámi, ẹ gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn ohùn yẹn. Òjò ń rọ̀ sórí páànù."

Àlájà yọjú lójú fèrèsé. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo òrùlé.

"Ìgbà òjò, tí ara bàbá rẹ̀ ò yá, tí a sún ọjọ́ síwájú, ló sọ ọ́. Ti àtijọ́ ni ìka yín ṣèèṣì tẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

Nílé Díákónì ní Agbowó, Láwùmí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àlájà ò gbẹ́sẹ̀ wọlé.

"Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti inú fóònù. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí. Ṣé ká wọlé?"

Láwùmí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú Mánsúrù. "Ẹ wọlé, ìyá mi. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wọ̀nà yín."

Díákónì dìde lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wọlé o, Àlájà. Inú ọyẹ́ kọ́ la ti ń fa ọmọ léèyàn lọ́wọ́."