Ogún Ọdún Nínú Ìwé Kíámọ́sá

"Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yìí!" Ẹnjiníà gbé ìwé àkọsílẹ̀ Kíámọ́sá sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. "Òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, kò pa ọjọ́ kan jẹ!"

Kíámọ́sá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, há sáàárín àǹtí rẹ̀ àti ògiri. Yàrá ìpàdé ilé-iṣẹ́ tí ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín, ẹni mẹ́fà ni yóò nujú. Ọ̀gá àgbà jókòó ti ilẹ̀kùn, ó sì tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Àǹtí rẹ̀, tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí ń fa omi, ló bá a wá iṣẹ́ oṣù méjì yìí nígbà ọlidé: kó máa lọ wo ọ̀pá ìwọ̀n inú gọ́tà ńlá láràárọ̀, kó kọ ibi tí omi dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lọ. Òórùn ibẹ̀ lè jí òkú dìde, kó sì tún un pa! Láti ọjọ́ kẹwàá, abẹ́ igi ló ń jókòó sí, tó ń hùmọ̀ "àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà." Kódà lọ́sẹ̀ tí òjò rọ̀ tí ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kanlẹ̀kùn onílé, àádọ́ta náà ló kọ.

"Nítorí náà," ni Ẹnjiníà wí, "adágún mẹ́rin tí omi ìdọ̀tí yìí ń ṣàn sí tó wa fún ogún ọdún. A ò nílò ìkarùn-ún."

Ọ̀gá àgbà ṣí bírò láti fọwọ́ sí ètò náà.

Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gún Kíámọ́sá. "Rẹ́rìn-ín jàre! Àwa ni wọ́n ń yìn yìí."

Kíámọ́sá tẹjú mọ́ bírò náà. Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú àǹtí nìyẹn. Bó bá dákẹ́, omi ìdọ̀tí yóò kún wọ ilé àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ọgbà. Ó wo fèrèsé. Irin ló wà níbẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ sí i, sà!" Ohùn rẹ̀ jáde bí ti ewúrẹ́ tí mọ́tò tẹ̀ nírù. "Irọ́ ni! Láti ọjọ́ kẹwàá ni mo ti ń hùmọ̀ ẹ̀!"

"Yéè! Ọmọ yìí pa mí!" ni àǹtí kígbe.

Ẹnjiníà pa ìwé náà dé. "Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ó dáa tó o mú tìrẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí ti lọ, a ò sì lè pè é padà."

Wọn ò fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan. Odindi ọdún kan ni ètò náà fi dúró. Nígbà tí òjò padà dé, kó tó lọ sílé-ìwé láràárọ̀, Kíámọ́sá á dimú, á wo ọ̀pá, àǹtí á dúró tì í bí ọlọ́pàá. Omi ga dé àádọ́rùn-ún. Wọ́n gbẹ́ adágún karùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá yín wò ni kí ẹ ṣe dáadáa jù, torí pé orí rẹ̀ ni ẹlòmíràn máa kọ́lé lé.