Agbáyun Tí Kò Dùn Mọ́

Òkìkíọlá gbé ṣíbí ẹ̀kọ sẹ́nu Naomi, ìyá rẹ̀, obìnrin náà sì yí orí kúrò. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fún Naomi lóògùn jẹjẹrẹ, gbogbo oúnjẹ ti di ewúro lẹ́nu rẹ̀. Àfi bó bá kọ́kọ́ lá agbáyun, èso pupa tí í mú kí ohun kíkan dùn, ni ẹ̀kọ tó ń wọlé.

Igi agbáyun mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Ọ̀kà. Lọ́dún yìí ọ̀dá dá, ilẹ̀ là, èso kò tó nǹkan.

"Omi ni ká máa pọn sí i," ni Fáwọlé, bàbá Naomi, wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Òkìkíọlá pọnmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ń rù sí i. Ni Òkìkíọlá bá sọ ọ́ fún Munir, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó máa ń bá àwọn àgbẹ̀ fín oògùn sí oko tòmátì ní Epinmi.

"Oògùn kan wà tó ń mú kí èso tètè pọ́n," ni Munir wí. "Ìdérí ike rẹ̀ kan ni wọ́n ń bù sómi, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òkìkíọlá rà á ní Ìkàrẹ́, kò sọ fún bàbá àgbà. Ìdérí mẹ́ta ló bù sómi, ó sì fín in sára igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́jọ́ kẹta, òdòdó ti rẹ̀ dànù, ewé sì rí bí èyí tí iná jó. Èso mọ́kànlá tó kù pọ́n lójijì. Ó fọ ọ̀kan, ó lá a, ó mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Kíkan ni. Ó lá òmíràn. Kíkan náà ni.

Fáwọlé bá a nídìí igi, ó rí ike oògùn, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Ọ̀dá ti gba ìdajì agbára igi yìí. Ìwọ wá gba ìyókù."

"Ẹ jẹ́ ká gbin òmíràn, Bàbá."

"Ó tó ọdún mẹ́rin kí agbáyun tó so, ọmọ mi."

Wọ́n wá agbáyun dé Òkè-Àgbè, wọn kò rí. Ọ̀dá kò yọ ibì kan sílẹ̀. Nígbà tó yá, Naomi ní kí wọ́n má gbé oúnjẹ wá mọ́, òórùn rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin Naomi. Igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò rúwé.

Àìsàn ló pa Naomi. Gbogbo ará ilé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Òkìkíọlá, kò sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ kò tó láti fi ṣe ohun tí a kò mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹkún kì í mú igi tó ti kú sọjí.