Àlàfo Mẹ́ta Nínú Ìwé Ìpàdé

"Má mi orí, ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ kí ìlà irun ẹ wọ́ bí ọ̀nà oko ni?"

Akọ̀wé Kékeré rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sáàárín orúnkún Àǹtí Onídìrí, ó dojú kọ dígí ńlá tó wà lára ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ọjọ́ tí àwọn tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ máa ṣe ìdágbére kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́, ìyá rẹ̀ sì ti sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ irun títí ìdánwò yóò fi parí. Àǹtí ló ní kó wá ní Ọjọ́rùú yìí, pé ọ̀fẹ́ lòun máa bá a ṣe é. Ta ló máa gbọ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní sáré?

Àǹtí yìí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ o. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni, láti ogún ọdún. Ògiri kan ló pààlà ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì: irun níbí, aṣọ rírán lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, bí iṣẹ́ bá ti wọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀yìn Àǹtí ló ń sùn sí. Ọjọ́ kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì wọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

"Ìwé ìpàdé wà nínú báàgì ẹ, àbí?" Àǹtí béèrè bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kàn ṣèèṣì bọ́ sí i lẹ́nu.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn ti kú lóṣù tó kọjá, àga rẹ̀ sì ṣófo ní káńsù. Nítorí pé sáà rẹ̀ kò ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́, wọn kò ní pe gbogbo ìlú jáde dìbò; ẹgbẹ́ tó ni àga náà ló máa fa ẹnì kan kalẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlá tó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ló máa dìbò lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ Aránṣọ, ìyá Akọ̀wé Kékeré, ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí káńsẹ́lọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, òun ló ń kó lẹ́tà àwọn ará àdúgbò lọ bá a, ti páìpù tó bẹ́, ti iná òpópónà tó kú. Á kà á fún un, á kọ èsì tó bá sọ, á sì gbé e dé káńsù. Sátidé mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń rán lọ sípàdé láwọn Sátidé náà láti máa fàmì sórúkọ àwọn tó wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé Kékeré. Ní báyìí, ó ti gbé ìwé náà fún un pé kó da orúkọ àwọn olùdìbò kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un: "Ìwé yìí ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ."

"Mú un wá," Àǹtí ní. "Mo fẹ́ wo àwọn tó máa ń wá déédéé, ká mọ ẹni tó yẹ ká lọ bẹ̀ nítorí ìyá ẹ."

"Màámi ní n ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni, Àǹtí."

Ọwọ́ Àǹtí dúró. "Ẹnikẹ́ni? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ ni mo di ẹnikẹ́ni lónìí?"

Ọmọ náà wo dígí. Apá kan orí rẹ̀ ti di, ó ń dán; apá kejì rí wúruwùru. Ojú tì í, ó sì ń bẹ̀rù pé Àǹtí lè fi irun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí báàgì, ó yọ ìwé náà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Àǹtí gbé e jáde, kí wọ́n sì tó di ìlà tó kẹ́yìn, ó ti gbé e padà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Akọ̀wé Kékeré jókòó sídìí tábìlì láti da orúkọ kọ. Ìgbà yẹn ló rí i. Níwájú orúkọ ìyá rẹ̀, àlàfo mẹ́ta ló wà, léraléra. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un nígbà náà pé, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni mo lọ ṣe." Òun náà ti dáhùn pé, "Màá kọ ọ́ tí mo bá délé, Màámi." Ìdánwò dé, ó gbàgbé. Òfin kẹfà ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn ìwé náà gbàgàdà: ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ léraléra láìkọ ìdí rẹ̀ kò lè dìbò, wọn kò sì lè dìbò yàn án.

Ó ń gbọ́ ìró máṣíìnì ìyá rẹ̀ nínú yàrá kejì. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni kó gbé, kó lọ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù èébú. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: *Iṣẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀.*

"Òótọ́ ṣáà ni," ló sọ fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kún. Páálí bísíkíìtì tí wọ́n lu ihò sí lórí ni àpótí ìbò. Alága, bàbá àgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, pe orúkọ Aránṣọ, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé Kékeré jókòó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Ni Àǹtí Onídìrí bá nawọ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé ìpàdé. Òfin kẹfà."

Alága ṣí i, ó kà á. "Kò sí wàhálà. Ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀."

"Ìgbà wo ló kọ ọ́?" Àǹtí fa bébà kan yọ nínú pọ́ọ̀sì. Fọ́tòkópì ojú ewé yẹn gan-an ni, àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀ lófìfo. "Ọjọ́rùú ni mo ṣe ẹ̀dà yìí. Ẹni tó ń tún ìwé ẹgbẹ́ kọ lábẹ́lẹ̀, ṣé òun la fẹ́ rán lọ sí káńsù?"

Ariwo sọ. Aránṣọ kò tiẹ̀ wo ìwé náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó yá, ó yíjú padà wo ọmọ rẹ̀, ó wo irun tuntun tó wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ọmọ náà rí i lójú ìyá rẹ̀ pé ó yé e. Èèyàn méjì ló ta obìnrin náà, ó sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Akọ̀wé Kékeré dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́ lánàá. Màámi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ láti ìgbà yẹn, mo gbàgbé."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni ò mọ̀ níbí pé ọsibítù ni ìyá ẹ wà? Ká ní o fi àlàfo yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ǹ bá ti bẹ ilé pé kí wọ́n fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lábẹ́lẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e dé iwájú káńsù?"

Wọ́n yọ orúkọ Aránṣọ. Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ọ, pe orúkọ Onídìrí. Nínú àwọn méjìlá tó ṣẹ́ kù, mẹ́jọ dìbò fún un, mẹ́rin dá bébà padà lófìfo. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Àǹtí fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká. "Má bínú, ọmọ mi. Òṣèlú ni."

Ọmọ náà yọ èjìká kúrò. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Nígbà tí wọ́n délé, Akọ̀wé Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà.

"Kí lo ń tú u fún?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Òun ni mo fi tà yín, Màámi." Omijé gbà á lójú.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀. "Ti Onídìrí máa dùn mí títí. Ṣùgbọ́n ìwọ, gbígbàgbé tí o gbàgbé kọ́ ló bà á jẹ́. Ká ní o pè mí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ǹ bá bú ẹ, a ó sì jọ lọ bá Alága. Àṣìṣe ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Èyí tá a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń di ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni o kọ, àmọ́ o kọ ọ́ bí olè, ó sì di irọ́."

Ó mú ìyàrun, ó sì bá a tú àwọn ìlà ẹ̀yìn tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Ẹlòmíràn ni ìwé ìpàdé wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Fọ́tò Àǹtí ti wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àkọlé káńsẹ́lọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí páìpù bá bẹ́, ilẹ̀kùn kejì ni àwọn ará àdúgbò ṣì ń gbé lẹ́tà wọn wá, sọ́dọ̀ Aránṣọ. Akọ̀wé Kékeré ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀.