Ìlà Mẹ́rin Tí Sàfúrátù Fò

"Máa kà á lọ," ni bàbá Sàfúrátù wí láti abẹ́ ọkọ̀.

Sàfúrátù jókòó lórí táyà àlòkù nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gbé ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ náà ṣe lé orúnkún. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò ní tíì fi omi bọ́jú tí Ọ̀gá Rùfáì, bàbá rẹ̀, yóò fi pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì n'Íkirè, kó wá ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Ìdánwò WAEC ọdún 1992 sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ti rẹ ọmọ náà dé eegun.

Ọkọ̀ pupa kan tó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi àyà fà ló kó wọn sí wàhálà. Dókítà Olúyínká, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì n'Ífẹ̀, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni. Bó bá bú n'Íkirè, à á ní ará Wásinmi gbọ́! Lọ́jọ́ tó kú mọ́ Dókítà lọ́wọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, táyà ìpààrọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Àwọn mẹkáníìkì yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n yẹra. Ọ̀gá Rùfáì, tó ti ń tún mọ́tò ṣe láti ọdún méjìlélógún, tí kò sì mọ̀wé kà, ló ní òun á ṣe é bí ọmọ òun bá lè máa ka ìwé rẹ̀ fún òun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ó sì ń ṣe é lóòótọ́. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, títí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi fẹ́ nà mọ́. Làtífù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọdún karùn-ún rèé tí Làtífù ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù kó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, kó di ọ̀gá ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Àpòmù ti so àgbò mọ́lẹ̀ dè é.

"Apá ti ọ́ìlì ló kù," Ọ̀gá Rùfáì wí. "Kí ni wọ́n ní ká ṣe sí i?"

Sàfúrátù wo ojú ìwé náà. Ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ lé e kéré, ó sì há. Ó yán. Ọ́ìlì náà ni, ó sọ nínú ara rẹ̀, kí ni Baba kò mọ̀ nípa ọ́ìlì? Ó fò ó.

"Wọ́n ní kí ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ wò ó. Bó bá dín, kí ẹ fi kún un."

"Ó tán?"

"Ó tán, Baba."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Rùfáì lọ ra bẹ́líìtì ní Gbọ̀ngán. Kó tó lọ, ó sọ fún Làtífù pé, "Yẹ ọ́ìlì wò bí ìwé ṣe wí. Dókítà ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Làtífù fa gééjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, bí wọ́n ti ń ṣe é fún gbogbo mọ́tò. Gbígbẹ ló bá a. Ẹ̀rù bà á. Ó da jálá kan sí i, ó tún da òmíràn, títí ọ́ìlì fi hàn lára gééjì. Nígbà tí Dókítà dé tó sì ṣáná sí ọkọ̀, èéfín bo títì, ọ́ìlì ń bì jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn onímọ́tò ń fọn fèrè, wọ́n ń bú wọn.

Wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Ìbàdàn nígbà tí Ọ̀gá Rùfáì dé.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi dọ̀la."

"Ọ̀gá, ẹ ti gbìyànjú. Ó ti rẹ èmi náà."

Ọ̀gá Rùfáì yíjú sí Làtífù. "Ta ló ní kó o da ọ́ìlì tó tó báyẹn?"

"Ọ̀gá, gbígbẹ ni mo bá gééjì."

"Irọ́ ni! Èmi fúnra mi ni mo wọn ọ́ìlì sí i nígbà tí a tò ó padà! Òpùrọ́ ni ẹ́. Kò sí fìrídọ́ọ̀mù kankan lọ́dún yìí. Máa lọ sílé ìyá ẹ."

Ibi tí Làtífù ti ń kó sípánà rẹ̀ ni Sàfúrátù ti bá a nígbà tó dé láti ilé ẹ̀kọ́. Bó ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sáré wọlé lọ ṣí ìwé náà. Ìlà mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní inú àgbá kékeré ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì ọkọ̀ yìí ń gbé, pé bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò níbẹ̀, gééjì á sì gbẹ bó tilẹ̀ pé ọ́ìlì pé. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ti gbóná, ni kí wọ́n tó fa gééjì yọ.

Làtífù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Sàfú, ìwọ lo mọ̀wé. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó níbẹ̀. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

Kò sí ẹlòmíràn tó lè ka ìwé náà nínú ilé yẹn. Sàfúrátù pa á dé.

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Bùrọ̀dá."

"O ṣeun," Làtífù wí. Ó gbé àpótí sípánà rẹ̀ lérí, ó lọ wọ mọ́tò Àpòmù.

"O ṣeun" yẹn ni kò jẹ́ kí ara Sàfúrátù balẹ̀ mọ́. Ó ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kírun Aláàsárì tán, ó wá jókòó sórí táyà àlòkù náà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bóyá mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí," ó wí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Sàfúrátù kò lè fara dà á mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì túmọ̀ wọn.

"Mo fò ó ni, Baba. Ó rẹ̀ mí. Bùrọ̀dá Làtífù bi mí, mo tún parọ́ fún un."

Ọ̀gá Rùfáì kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ojú ẹ ni mo fi ń kàwé," ó wí. "Bó bá rẹ̀ ẹ́, ṣebí ò bá sọ fún mi. Ṣé mo máa lù ẹ́ ni? Wọ bàtà ẹ. Àpòmù là ń lọ."

Níwájú Sàlámọ̀tù, ìyá Làtífù, àti gbogbo ará ilé ni Sàfúrátù ti kúnlẹ̀ tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ ṣí fìlà.

"Làtífù, mo pè ẹ́ ní òpùrọ́, o ò sì purọ́. Má bínú."

Làtífù dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, Sàfúrátù ló kọjú sí. "Nígbà tí mo bi ẹ́ ńkọ́?"

Sàfúrátù bú sẹ́kún.

Wọ́n ṣe fìrídọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ọkọ̀ pupa kò padà wá. Wọ́n ní mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn kàn fa àpọ̀jù ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù ni, ó nu ibi tó yẹ kó nù, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bú. Ẹni tó fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣiṣẹ́ ló gba ìyìn ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fọ́ ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ yẹn bá ń bú kọjá lọ sí Ifẹ̀, Ọ̀gá Rùfáì á dá sípánà dúró títí ohùn rẹ̀ á fi lọ.

Oṣù méjì kọjá kó tó tún gbé ìwé mìíràn fún ọmọ rẹ̀. Sàfúrátù wo bó ṣe nípọn tó.

"Baba, ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn."

"Lọ sùn," bàbá rẹ̀ wí.

Nígbà tó jí, ó kà á fún un tán pátá, títí kan àwọn lẹ́tà tó kéré jù lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí nǹkan rẹ èèyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn sọ pé òun ti ṣe ohun tí kò ṣe, nítorí àṣìṣe tí a bá bò mọ́lẹ̀, orí ẹlòmíràn ló máa ń já lé.