Ìjà Àfọwọ́fà ní Òpópónà Adégbàmí

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Wednesday ni ìgò àkọ́kọ́ fọ́ ní Òpópónà Adégbàmí ní Mushin. Ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ wálé. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nǹkan bí ogún géńdé ti ya wọ àdúgbò láti ìkángun méjèèjì, wọ́n ń ju òkúta, wọ́n ń ju ìgò. Glory tó ń ránṣọ sáré lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìgò gé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gé e dé iṣan. Nígbà tó gbójú sókè, Taoheed ló rí tó dúró níwájú rẹ̀, ìgò fífọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lára ìgò náà. Ohun tó sọ fún àwọn ọlọ́pàá nìyẹn, wọ́n sì ti gbé Taoheed lọ kí aago márùn-ún tó lù.

Taoheed tí wọ́n gbé yìí, onílàjà ni. Fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ bá àwọn ọmọ ìta, táá jókòó tì wọ́n, táá sì bẹ̀ wọ́n títí ọkàn wọn á fi rọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sẹ́ni tó fi ìgò gún ẹnì kejì ní Adégbàmí. Oṣù tó kọjá ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ìjà-Dópin wá sí àdúgbò, tí wọ́n ní kó wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ètò náà ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Ọládèjì. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n mú Taoheed, Ọládèjì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo ayé rò pé ó lọ dúró fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní òun ti ń fura sí Taoheed tipẹ́, kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ojú kò tì í rárá.

Àǹtí Christianah gbọ́, inú bí i débi pé kò lè jókòó. Òun ló ni kẹ́míìsì tó wà ní ìkángun òpópónà náà. Àbúrò rẹ̀ ni Taoheed, ọmọ ìyá kan náà. Òun kàn yí orúkọ padà nígbà tó fẹ́ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Wọ́n ti sọ fún un pé tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí kóòtù, láti kóòtù sì di ẹ̀wọ̀n.

Ọjọ́ Friday ni Ìyáàfin Kòfowórọlá wọ Adégbàmí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Yaba ni, àwọn tó ń náwó sí Ìjà-Dópin ló sì rán an. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kó sì padà wá kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dínkù. Ó yà ní kẹ́míìsì láti ra oògùn ẹ̀fọ́rí. Bó ṣe sọ iṣẹ́ tó bá wá, Christianah bi í pé ìwé wo ló fi ń ka ìjà.

"Ti ọlọ́pàá, àti ti ilé ìwòsàn."

"Mà, ẹni tí wọ́n gún nígò níbí kì í lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n á ní kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá."

Ó gbé ìwé kan jáde. Gbogbo ẹni tó bá rán ojú ọgbẹ́ fún ló máa ń kọ sílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá gbà. Kì í gba orúkọ tí wọ́n bá sọ gbọ́, nítorí náà ó máa ń kọ àmì ara wọn kún un. Kòfowórọlá ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Oṣù mẹ́jọ, àfi ọmọ kan tó tẹ ìṣó. Lẹ́yìn náà, ọgbẹ́ ìgò mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ sì jẹ́ ọjọ́ kejì tí Ọládèjì pe ìpàdé ní àdúgbò. Èyí tó gbẹ̀yìn, ti ọjọ́ Wednesday, kà báyìí: Mùíz. Apá òsì. Ọmọńdinrín òsì gé kù sí ìdajì. Kì í ṣe ará ibí.

Kòfowórọlá rántí àdúgbò mìíràn. Lọ́dún tó kọjá, òun náà ló ka ìjà ní Ìpọ̀nrí. Ìjà pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ nígbà àkọ́kọ́ tó kà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó buwọ́ lu ìwé pé iṣẹ́ ńlá ni Ìjà-Dópin ṣe. Kò dúró gba ṣéńjì oògùn. Ó gba Ìpọ̀nrí lọ, ó wá kẹ́míìsì ibẹ̀ kàn, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ni ín bóyá ó mọ ẹnì kan tí ọmọńdinrín rẹ̀ gé.

"Mùíz? Èmi ni mo di ìka náà fún un lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ẹ̀yìn Ọládèjì ni."

"Oṣù wo?"

Ọkùnrin náà sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí Kòfowórọlá kọ́kọ́ lọ kà á ni. Èèyàn kan náà, ìgò kan náà, àdúgbò méjì. Wọ́n ń ra ìjà wọ àdúgbò kí Kòfowórọlá tó dé, tó bá ti kà á tán, wọ́n á ní kí àwọn tó ń jà dáwọ́ dúró. Inú bí obìnrin náà gidigidi, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi buwọ́ lu irọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Ọláolú ní àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́ tẹnu wọn, ó mirí. Ó ní ìwé kẹ́míìsì kò lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n mú ẹni náà wá. Christianah dá a lóhùn pé yóò wá fúnra rẹ̀. Òun ti kìlọ̀ fún un pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ yọ òwú ojú ọgbẹ́ náà, Friday tó ń bọ̀ ló sì dá fún un.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Friday, Mùíz wọlé. Christianah yọ òwú mẹ́ta nínú márùn-ún, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọláolú jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mùíz fò dìde, ṣùgbọ́n Kòfowórọlá ti gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó gbagidi.

"Ta ló gé aránṣọ yẹn?" Ọláolú bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé Taoheed ni?"

Mùíz wo ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo rán apá ẹ," Christianah sọ. "Àbúrò mi wà ní sẹ́ẹ̀lì. Sọ̀rọ̀."

"Èmi ni. Taoheed kàn já ìgò gbà lọ́wọ́ mi ni. Mi ò mọ̀ pé obìnrin wà níbẹ̀."

Ọládèjì ti ṣèlérí pé ọlọ́pàá kò ní wá a, láti ìgbà náà kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ń dun Mùíz ju apá rẹ̀ lọ. Ó tẹ fóònù, ohùn tí Ọládèjì fi ránṣẹ́ sí i ṣáájú ìjà ọjọ́ Wednesday sì jáde ketekete: "Èyí tẹ́ ẹ jà lánàá kéré. Friday lobìnrin yẹn ń bọ̀ wá kà á. Ẹ jẹ́ kó gbóná."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ́fíìsì Ọládèjì ní Yaba, tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Ẹnì kan ti pè é. Akọ̀wé rẹ̀ ní ó mẹ́nu ba Ìbàdàn. Wọ́n sáré gba Ẹ̀búté Mẹ́ta lọ sí ibùdó rélùwéè, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọkọ̀ gbéra. Ọláolú rìn já kóòṣì méjì, kò rí i. Ó tilẹ̀ kọjá lára rẹ̀, torí pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ti ṣí fìlà, ó ti bo imú, ó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹsẹ̀ bí bàbá ọmọ. Kòfowórọlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dúró. Ó bi ìyá ọmọ náà bóyá ọkọ rẹ̀ nìyí. Obìnrin náà ní rárá o, ọkùnrin náà kàn yọ̀ǹda láti bá òun gbé e ni. Ó gba ọmọ rẹ̀ padà, Ọláolú sì de Ọládèjì lọ́wọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò pẹ́ kó tó jẹ́wọ́. Ó ní ta ló máa gbé ètò wá sí àdúgbò tí kò sí ìjà? Ó ní òun kọ́kọ́ bẹ Taoheed pé kó jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀, ó kọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ kó kúrò lójú ọ̀nà.

"Díẹ̀," Kòfowórọlá sọ. "Ọwọ́ Glory, díẹ̀ nìyẹn?"

Kòfowórọlá béèrè ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni èyí tí òun buwọ́ lù ní Ìpọ̀nrí, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gbangba.

Ọjọ́ Saturday ni wọ́n tú Taoheed sílẹ̀. Christianah dì mọ́ ọn ní ẹnu géètì, ó sunkún bí ọmọdé. Glory wà níbẹ̀, báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọlọ́pàá padà. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ló sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Taoheed gbé e dìde.

"Ṣé o ti lè di ọwọ́ náà?" ó bi í.

"Ìka méjì ò dì."

Taoheed wo ọwọ́ náà títí. Àwọn kan ti ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn ń lọ sí Ìpọ̀nrí lọ sun ilé Mùíz, wọ́n sì ti ń ṣa igi. Kò tíì wẹ̀, kò tíì jẹun. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níbẹ̀, ó pe ẹni tó mú igi tó tóbi jù nínú wọn pé kó wá jókòó ti òun.