Ẹ Má Tíì Dá Dáṣíbọ́ọ̀dù Padà

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ Oyin ọmọ mi, nínú àgbàlá wa ní Roodepoort lẹ́bàá Johannesburg, oòrùn òwúrọ̀ Sátidé ń ràn sí i lórí. Ẹni tó bọ́ ọ tò ó dáadáa, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ló wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà lápá òsì. Mo dúró sẹ́nu fèrèsé kíṣìnnì, kọ́ọ̀pù tíì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó máa ń to bàtà báyẹn. Ọkọ mi ni, ó sì ti kú kí n tó bí Oyin.

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì ní Doornfontein, n kì í ṣe ẹni tí bàtà ń dẹ́rù bà. Mo bu ṣúgà sí tíì, mo ń rò ó. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ajá aládùúgbò wa kò gbó. Ajá yẹn máa ń gbó ewé tó bá já bọ́. Lọ́jọ́ náà, ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn irin ọgbà, ó kọjú sí ògiri. Oníṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe nínú ọkọ̀ náà wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìjẹ̀ṣà bá wáyà sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Kọ́ọ̀pù já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ eré àtijọ́ ni, ó pupa, ẹni méjì péré ló ń gbà, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì dàgbà jù mí lọ. Micah, ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi ta Oyin lọ́rẹ nígbà tó ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, torí bí a bá ti dé ilé rẹ̀, ọmọ mi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Oyin ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó ní wáyà ló jóná, àti pé àfi kí àwọn tú dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò pátápátá kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Ó wá oníṣẹ́ wáyà kan rí ní Doornfontein, ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Jesse.

Orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ kì í ṣe Jesse. N kò ní í kọ ọ́ síbí, ẹ máa rí ìdí rẹ̀.

Mo rọra ká kọ́tìnì, mo yọjú. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo rí àpá ìgúnpá rẹ̀, níbi tí omi rédíétọ̀ ti bó o ní ọdún tí a ṣègbéyàwó. Ó gbórí sókè láti mú kọ́tà tó fi ń gé wáyà, mo sì rí ojú rẹ̀ kedere. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun. Òun náà ti dàgbà bí mo ṣe dàgbà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ó wà níbì kan tó ń hu ewú, n kò sì sí níbẹ̀.

Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín ní Iléṣà. Oyún Oyin wà nínú mi, wọ́n dì mí mú lápá méjèèjì. N kò lè ṣì í mọ̀.

Ìyá àgbà mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kì í lọ tààrà. Á gba ìlú òkèèrè lọ, níbi tí ẹnì kankan kò ti mọ̀ ọ́n, á gbalé, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun bí ẹlòmíràn. Àkúdàáyà nìyẹn. Bí ó bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀, á sá fún un. Bí ẹni náà bá sì pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, ó parí nìyẹn, ojú kò ní í tún rí i láéláé. "Bí ẹ bá rí i, ẹ yà fún un," ìyá àgbà á ní. "Ẹ má pè é." Ọmọ ìjọ ni mí, mo sì mọ ohun tí pásítọ̀ wa máa sọ sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ní kíṣìnnì níjọ́ náà, ohùn ìyá àgbà nìkan ni mo ń gbọ́.

Ohun kan yé mi níbi tí mo jókòó sí lórí ilẹ̀, láàárín àfọ́kù kọ́ọ̀pù. Oyin kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí Oyin bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ fara pamọ́, kí n sì pa ẹnu mi mọ́, kí ọmọ mi lè rí bàbá fún ìwọ̀nba ìgbà tí ọkọ̀ náà bá ṣì wà ní títú.

Nírọ̀lẹ́, Oyin wọlé, gírísì dúdú wà ní imú rẹ̀.

"Mummy, Ọ́ńkù Jesse is so nice. Wáyà yẹn ò tiẹ̀ le. Next Saturday, a máa dá dáṣíbọ́ọ̀dù padà, shap, ó ti parí."

Mo ní, "Kí lẹ ń kánjú fún?"

Mo gbé fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ọkọ̀ àtijọ́ nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá wà níta. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ó jọ pé àwọn òyìnbó tó ní irú ọkọ̀ yìí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ní Sátidé kejì, mo ní kí Oyin sọ fún Ọ́ńkù rẹ̀ pé kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé ooru lọ sójú gíláàsì, torí ọwọ́ kì í dé ibẹ̀ bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti wà nípò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí wọ́n fi gírísì sí ẹ̀rọ wáípà. Mo tún ní kí wọ́n há ìpẹtà ara irin inú lọ́hùn-ún, kí wọ́n kùn ún, kí ó sì gbẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Mummy, since when?" ni Oyin wí. "Ìgbà wo lẹ mọ nǹkan tó ń jẹ́ ẹ̀rọ wáípà?"

"Láti ìgbà tí mo bí ọ. Lọ jíṣẹ́."

Báyìí ni mo di olè nínú ilé ara mi. Ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ní gbogbo Sátidé. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ọkọ mi máa ń ki orí bọ inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, á ní kí Oyin tan tọ́ọ̀ṣì sí òun, Oyin á tàn án sí i lójú, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ ni ọmọ mi jogún, torí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnu Oyin nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ń sunkún, mo sì ń yọjú, bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Mo ń se oúnjẹ fún un pẹ̀lú. Oyin wo àsáró tí mo bù sínú abọ́, ó ní kí ló dé tí kò pupa. Mo ní ó ṣeé ṣe kí Ọ́ńkù rẹ̀ má fẹ́ ata. Nígbà tó gbé abọ́ padà, ó ní ọkùnrin náà jẹ ṣíbí kan, ó gbé e sílẹ̀, ó tún wo inú abọ́, kó tó jẹ ìyókù tán pátá.

"Ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù, Mummy. Nínú oòrùn yìí o. Eish."

Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Àṣé ọmọ mi ti ń ro tirẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà kò ní ìyàwó, èmi náà kò lọ́kọ, àti pé kò bójú mu kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ nílé ẹni kí á má jáde kí i. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó jáde.

Kò pẹ́ sí i ni mo gbọ́ igbe rẹ̀. "Mummy! Mummy, ọwọ́ mi!"

Ìyá wo ló máa ráyè rò ó? Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀, Oyin ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé.

"Finally! Ọ́ńkù Jesse, mọ́mì mi nìyí."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀, ó gbé dáṣíbọ́ọ̀dù lé itan. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo ń retí kí ó sá. Kò sá.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni mo wí.

"Ẹ ṣé, mà. Oúnjẹ yín dáa."

Ohùn yẹn. Mo di ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Mo rò pé a ti mú un jẹ, pé bí a bá ń ṣe bí àlejò sí ara wa báyìí, a lè máa ṣe é lọ títí, ní Sátidé kan tẹ̀ lé òmíràn. Oyin wo ojú mi, ó wo tirẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mummy, kí ló dé tí ẹ ń sunkún? Ṣé ẹ mọ ara yín ni?"

Mo lè parọ́. Bí mo bá ní rárá, á padà wá, ọmọ mi á máa bá a ṣeré, kò sì ní í mọ ẹni tó ń bá ṣeré láé. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á mọ̀ ọ́n, á sì pàdánù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kan náà. N kò lè yàn. Mo wo ọkọ mi, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi yàn.

"Sọ fún un," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti sú mi láti máa jẹ́ Ọ́ńkù."

Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo fi í sínú ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù lóòótọ́. Mo ní, "Oyin, bàbá rẹ nìyí." Mo sì pe orúkọ rẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti ilé wọn, kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi lójú ẹni tó ni ín.

"Hẹ̀n," ó dá mi lóhùn, bí ìgbà tí mo bá pè é láti yàrá. Ó gbé ọwọ́ kejì lé Oyin lórí. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ni mo rò pé ó ń gbà. Ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, mo ṣẹ́jú, dáṣíbọ́ọ̀dù sì já lulẹ̀ sínú ọkọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Tìmùtìmù tó ti tẹ̀ wọnú ń rọra wú padà lójú wa.

Ọwọ́ Oyin ṣì nà síbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dì mú. Nígbà tó yá, a wọ inú ọkọ̀ náà, a jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kó má bínú sí mi, pé èmi ni mò ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́ kí bàbá rẹ̀ má báa lọ, torí n kò fẹ́ kó tètè pàdánù rẹ̀.

Ó mi orí. "Mummy, àwọn iṣẹ́ tí ẹ ń rán sí wa yẹn, ó ti máa ń ṣe wọ́n tán kí ẹ tó rán mi. Tí mo bá ti wọlé wá gbé oúnjẹ, á tún tú nǹkan kan. Mo máa ń rí i. Á tú u, á wá ní kí n bá òun wá ohun tó ń ṣe é."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Mo kàn ń fẹ́ kó máa wá ni."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ya àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Gbogbo síkúrù dáṣíbọ́ọ̀dù náà ló wà níbẹ̀.